Ẹ Fara Balẹ̀ Kí Ẹ Tó Fún Olórí Ní Máàkì

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ lẹ́tà yìí ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, ní ṣọ́ọ̀bù gbàjámọ̀ kan ní Pánṣẹ́kẹ́, ní Abẹ́òkúta níbí, níbi tí mo ti mú ọmọ-ọmọ mi lọ gẹrun. Àwọn ọ̀dọ́ kún ibẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn já kálẹ́ńdà ọdún tó kọjá lára ògiri, ó dà á dé, ó sì fi bírò pupa to orúkọ gbogbo àwọn tó ti ṣe olórí Nàìjíríà láti ọdún 1960 sí ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ń fún wọn ní máàkì lórí 100. Sani Abacha ló gba ipò kìíní, ó gba 85. Ìdí rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: wọ́n ní náírà 22 ni dọ́là kan nígbà ayé rẹ̀. Tafawa Balewa gba òdo, nítorí pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó mọ ohun tó ṣe. Umaru Yar'Adua, wọ́n fi ìlà pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, wọ́n ní kò pẹ́ lórí oyè. Nígbà tó kan Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ìjà dé. Èyí ní àfi kó gba 70 nítorí pé ọmọ ìlú wa ni. Èkejì ní 10 ti pọ̀ jù fún un. Kí a tó ṣẹ́jú, wọ́n ti di ara wọn lọ́rùn aṣọ mú. Onígbàjámọ̀ ní láti pa kílípà, kó fi orí ọmọ-ọmọ mi sílẹ̀ ní ààbọ̀, kó lọ là wọ́n.

Mo bi ẹni tó mú bírò pé ọdún wo ni wọ́n bí i. Ó ní 1999. Mo ní ta ló sọ ọ̀rọ̀ dọ́là yẹn fún un. Ó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, ó wá na fóònù sí mi: "Ẹ wò ó, sà, ó wà níbí." Ọmọ dáadáa ni. Ó ti lọ sí yunifásítì, ó mọ bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀, ó tilẹ̀ fẹ́ san owó ìgẹrun ọmọ-ọmọ mi. Ohun tó ká mi lára nìyẹn. Bó bá jẹ́ ọmọ ìta ni, n kò ní kọ ìwé kankan. Ọmọ tó kàwé, tó níwà, ló ń gbé adé lé orí ẹni tó fi ojú àwọn òbí rẹ̀ rí màbo.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí náírà 22 yẹn. Lóòótọ́ ni pé iye tí ìjọba kọ sínú ìwé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló rí i rà ní iye yẹn? Oníṣòwò tó fẹ́ kó ẹ̀yà ara mọ́tò wọlé, bàbá tó fẹ́ fi owó ilé ìwé ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ lókè òkun, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣẹ́ owó lójú pópó ni wọ́n ń lọ, iye tí wọ́n sì ń rà á níbẹ̀ lé ní náírà 80. Àwọn tó bá ìjọba mulẹ̀ ló ń rí dọ́là gbà ní 22, tí wọ́n á gbé e bọ́ síta, tí wọ́n á tà á ní 80, tí wọ́n á di olówó láìṣe iṣẹ́ kankan. Ṣé ẹ wá rí i? Iye tí ẹ fi ń yin ọkùnrin náà gan-an ni ọ̀nà tí wọ́n gbà kó owó yín lọ. Epo bẹntiróòlù ńkọ́? Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1994, ìjọba rẹ̀ kan náà gbé lítà epo láti náírà 3 àti kọ́bọ̀ 25 lọ sí náírà 15, kí wọ́n tó já a wálẹ̀ sí náírà 11 nígbà tí ariwo pọ̀. Àwọn tó to ìlà epo títí ilẹ̀ fi ṣú nígbà náà ṣì wà láàyè ní àdúgbò yín. Ẹ bi wọ́n.

Owó nìyẹn, ẹ̀mí ṣì wà lẹ́yìn. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 1995, wọ́n so Ken Saro-Wiwa àti àwọn ọmọ Ogoni mẹ́jọ mìíràn rọ̀ ní Port Harcourt, gbogbo ayé ń bẹ̀bẹ̀, wọn kò gbọ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1996, wọ́n yìnbọn pa Kùdírátù Abíọ́lá ní Èkó ní ojúmọmọ, nítorí pé ó ń béèrè ẹ̀tọ́ ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Moshood Abíọ́lá, ọmọ Gbágùrá níbí, tí a dìbò fún láti ṣe ààrẹ, wà ní àtìmọ́lé láti ọdún 1994. Ibẹ̀ ló kú sí ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 1998. Wole Soyinka, ọmọ ìlú yìí kan náà, ní láti sá kúrò nílé. Ọbásanjọ́ tí ẹ torí rẹ̀ ń jà yẹn, inú ẹ̀wọ̀n ló wà. Ẹni tó ṣe irú nǹkan báyìí ni ẹ fi sí ipò kìíní?

Ẹ lè ní gbogbo wọn náà ló jalè. Ti ẹni tí à ń sọ yìí ṣì ń padà bọ̀ lẹ́yìn tó ti kú. Ní nǹkan bí ọdún 2018, Switzerland dá owó tó lé ní mílíọ̀nù dọ́là 320 padà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2020, owó tó lé ní mílíọ̀nù dọ́là 300 tún wá láti erékùṣù Jersey. Yàtọ̀ sí èyí tó ti kọ́kọ́ dé ṣáájú nìyẹn. Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ikú rẹ̀ ti di ìyàwó ilé, owó náà kò tíì tán lójú ọ̀nà.

N kò sọ pé kò ṣe rere kankan. Òun ló dá ìpínlẹ̀ mẹ́fà kalẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1996, Èkìtì wà lára wọn, àwọn ará Èkìtì kò sì ní gbàgbé rẹ̀. Àjọ PTF rẹ̀, tó ń fi owó epo ṣe iṣẹ́ ìlú, tún ọ̀nà ṣe, ó kó oògùn lọ sí ilé ìwòsàn. Mo kọ gbogbo ìyẹn sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ojú ìwé tirẹ̀ ni mo kọ ọ́ sí. Ojú ìwé tí mo kọ òkú sí wà lọ́tọ̀, n kò sì ní fi kìlómítà ọ̀nà kankan yọ nínú rẹ̀. Àṣìṣe tó wà nídìí máàkì yín nìyí: ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò kan, ẹ pò ó pọ̀, ẹ wá kéde 85. Ẹ̀mí èèyàn àti ọ̀dà ojú títì kì í ṣe ohun tí a lè jọ rò pọ̀.

Ẹ gbọ́ ìdí tí inú fi ń bí mi tó báyìí, kí ẹ má lọ rò pé òkú ni mò ń bá jà. Abacha ti lọ láti ọdún 1998. Yíyìn tàbí bíbú yín kò kàn án mọ́. Alààyè tó wà lórí oyè ló ń gbọ́ yín. Ó ń gbọ́ pé ẹni tó pa èèyàn, tó ti oníwèé ìròyìn mọ́lé, tó kó owó ìlú sá, yóò rí ìdáríjì gbà lọ́wọ́ ọmọ ẹni tó pa, bí ọjà bá ti wọ́n díẹ̀ sí i lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ń ṣe ìdájọ́ àwọn tó ti lọ ni ẹ ń kọ́ àwọn tó wà níbẹ̀ ní ohun tí wọ́n lè ṣe láìjìyà.

Ẹ má rò pé èmi kò ṣe ọ̀dọ́ rí. Nígbà tí owó Udoji, àfikún owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba, jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, olùkọ́ kékeré ni mí ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìlú yìí. Wọ́n kó owó oṣù tí wọ́n ti fi kún láti ọdún tó ṣáájú fún wa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ra kẹ̀kẹ́ Raleigh tuntun, mo ra ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ àwo orin. Ní ìrọ̀lẹ́, a ó gbé àga síta, àwo Àyìnlá Ọmọwúrà á máa yí, ẹ̀mu á wà nílẹ̀, àríyànjiyàn ìjọba á bẹ̀rẹ̀. Ayé dùn nígbà náà, ẹ̀yin ọmọ mi, n kò lè purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n olùkọ́ àgbà kan wà láàárín wa tí kì í gbà fún ẹnikẹ́ni. Bí o bá ti sọ ohun kan nípa ìjọba, yóò bi ọ́ pé inú ìwé ìròyìn wo lo ti kà á, ọjọ́ wo ni. Bí o kò bá lè sọ, wàá dákẹ́ títí àwo yóò fi parí. A kì í jà. Ojú á máa ti ẹni tó bá sọ ohun tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ọkùnrin yẹn ló kọ́kọ́ béèrè ibi tí Gowon, olórí ológun ìgbà náà, ti rí owó tó ń pín. Kò sí ẹni tó fẹ́ dáhùn, nítorí pé gbogbo ìlú ló ń yìn ín. Ogun tó bẹ́ láàárín àwọn Árábù àti Ísírẹ́lì ní oṣù Kẹwàá ọdún 1973 ló gbé iye owó àgbá epo rọ̀bì kan láti nǹkan bí dọ́là 3 lọ sí bíi 12 láàárín oṣù díẹ̀. Gowon kọ́ ló gbẹ́ kànga náà jinlẹ̀ sí i. Owó wọlé, ìjọba sì ná an bó ṣe wọlé. Àwọn ọlọ́jà gbọ́ pé owó oṣù lé, wọ́n fi owó lé ọjà, kí ọdún tó parí iye tí a ń gbà kò yàtọ̀ sí ti àná mọ́. Nígbà náà náà ni ìjọba pàṣẹ sìmẹ́ńtì tó tó nǹkan bí mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 20, èyí tí èbúté Èkó kò lágbára láti gbà rárá. Àwọn ọkọ̀ ojú omi tò lọ rẹrẹ lórí òkun, sìmẹ́ńtì ń dì nínú wọn, Nàìjíríà sì ń san owó ìdádúró fún wọn lójoojúmọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún yín pé ẹ béèrè ohun tí olórí bá nílẹ̀ kí ẹ tó gbé ohun tó ṣe yẹ̀ wò. Shagari wọlé ní ọdún 1979 nígbà tí epo ń pa owó. Nígbà tó fi máa di 1982, ọjà epo ti dojú dé, ó sì ní láti ṣe òfin ìfúnlé-ìgbànú. A kò lè bá a wí nítorí pé epo já wálẹ̀. Ohun tí a lè bá a wí lé lórí ni pé àwọn èèyàn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pín ìwé àṣẹ ìkójàwọlé láàárín ara wọn nígbà tí ìlú ń wá ìrẹsì. Bákan náà ni Goodluck Jonathan rí epo tà ní iye tó lé ní dọ́là 100 fún bí ọdún mẹ́ta, tó fi já ní àárín ọdún 2014, tí Muhammadu Buhari sì wọlé bá ẹ̀yìn rẹ̀ ní 2015. Bí ẹ bá ń fi iye ìrẹsì wé ìrẹsì láàárín àwọn méjèèjì, epo lẹ fún ní máàkì. Ẹ bi Jonathan léèrè ohun tó tọ́jú nígbà tí ó pọ̀. Ní ti Buhari, ẹ wádìí ìdí tó fi ti ẹnubodè pa ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ yín tó ń ṣe ìwọ́de ní Lẹkkí ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2020. Àwọn ìyẹn ni iṣẹ́ ọwọ́ tiwọn.

Ẹ tún wo agbára tó wà lọ́wọ́ olúwarẹ̀. Ernest Shónẹ́kàn, ọmọ Ẹ̀gbá, jókòó sí àga yẹn láti oṣù Kẹjọ sí oṣù Kọkànlá ọdún 1993. Ilé ẹjọ́ gíga kan ní Èkó ti ní ìjọba rẹ̀ kò bófin mu, àwọn ológun tó gbé e síbẹ̀ ló sì di ìbọn mú. Kí lẹ fẹ́ fi wọn irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ẹ wádìí ìdí tó fi gbà láti jókòó síbẹ̀, ìyẹn tó. Balewa tí ẹ fún ní òdo, àwọn olórí ẹkùn ní agbára àti owó tiwọn nígbà ayé rẹ̀. Kò lè pàṣẹ fún Ìbàdàn tàbí Kàdúná bí ológun ṣe ń pàṣẹ. Síbẹ̀ ìjọba rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ìsédò Kainji ní 1964, tí Gowon wá ṣí ní 1969, tí iná rẹ̀ ń tàn wá títí dòní. Mo sì mọ ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ náà. Ilẹ̀ Yorùbá ń jó nígbà rògbòdìyàn wẹ́tíẹ̀ ní 1965, ó ń wò ó níran. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀.

Ẹ̀yin pa Yar'Adua rẹ́. Ní ọjọ́ tí wọ́n búra fún un ní 2007, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ níwájú gbogbo ayé pé ìbò tó gbé òun wọlé ní àbùkù. Ẹ bá mi wá ẹlòmíràn tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Muhammadu Uwais láti tún ètò ìdìbò ṣe. Ikú mú un lọ ní 2010. Jonathan tó rọ́pò rẹ̀ fi Attahiru Jega ṣe alága àjọ elétò ìdìbò, nígbà tó sì di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2015, Jonathan pe Buhari lórí fóònù, ó kí i kú oríire. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ààrẹ tó wà lórí àga yóò pàdánù ìbò ní orílẹ̀-èdè yìí. Iṣẹ́ tí olórí fi sílẹ̀ lè má so èso lójú rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní sùúrù láti tọ ipa rẹ̀ lọ, kó fi bírò sílẹ̀.

Mo mọ èsì yín. Ọ̀kan nínú yín sọ ọ́ sí mi lójú ní ṣọ́ọ̀bù yẹn: "Bàbá, ẹni tí ebi ń pa kò lè jẹ afárá." N kò fẹ́ kí ó jàre, ṣùgbọ́n ó jàre níbẹ̀. Nígbà tí owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí lítà epo fò láti bí náírà 190 kọjá 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, èmi náà rí ohun tó ṣe fún owó ìfẹ̀yìntì mi. Iye oúnjẹ jẹ́ ara ohun tí a fi ń wọn olórí, àgbà tó bá ní kò rí bẹ́ẹ̀ ti yó ni. Ó tún sọ ọ̀kan: ó ní àwa tí a mọ ìtàn kò sọ ọ́ fún wọn. Ìyẹn náà kò jìnnà sí òtítọ́. Ìjọba àpapọ̀ yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò nínú ìwé àwọn ọmọdé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀pọ̀ òbí kò sì dí àlàfo náà nílé.

Mo ti gbà. Ó tó. Fóònù tó fi náírà 22 hàn yín lè fi ìyókù hàn yín láàárín ìṣẹ́jú kan náà. Ẹ kò wá a ni. Ẹ mọ iye tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan fi ra ẹlẹ́sẹ̀ ayò ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ẹ mọ ẹni tó gbá góòlù wọlé àti ìṣẹ́jú tó gbá a. Orí tó gba ìyẹn dúró yóò gba ti orílẹ̀-èdè rẹ̀ dúró.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó le jù. Ẹ yé sọ fún mi pé "ọmọ wa ni". Èmi ọmọ Abẹ́òkúta ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀. Ọbásanjọ́ gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá ní 1979. Ní 2005, ó jẹ́ kí wọ́n fagi lé bílíọ̀nù dọ́là 18 nínú gbèsè wa. Ìjọba rẹ̀ ló mú fóònù alágbèéká dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù láti ọdún 2001. Ìlú Odi tí àwọn ológun sun kanlẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1999 ńkọ́? Sáà kẹta tí wọ́n ń wá fún un, tí ilé aṣòfin àgbà dá dúró ní 2006 ńkọ́? Murtala Mohammed ló dá ìpínlẹ̀ Ògùn yìí sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976, ọjọ́ 10 lẹ́yìn náà ni wọ́n pa á. Mo dúpẹ́ fún ìpínlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun tó wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀ ló pa àwọn ará Asaba ní oṣù Kẹwàá ọdún 1967, ẹrù àwọn ará Asaba kò sì gbọdọ̀ fúyẹ́ lọ́wọ́ mi nítorí pé Ògùn ni mò ń gbé. Bí òṣùwọ̀n yín bá ń yí padà bí ẹ bá ti gbọ́ orúkọ ẹni, ẹ kò ní òṣùwọ̀n.

Nítorí náà, Bọ́lá Tinubu tó wà níbẹ̀ lónìí, òṣùwọ̀n kan náà ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹ̀jẹ̀ Yorùbá gbè é àti ẹ̀yin tí ẹ kórìíra rẹ̀ láti ilé, ọ̀kan náà ni yín lójú mi. Ẹ kọ ohun tó bá nílẹ̀ sílẹ̀: gbèsè, owó ìrànwọ́ orí epo, náírà tó ní iye méjì. Ẹ kọ ohun tó ṣe àti àwọn tó ru ìnira rẹ̀. Ẹ kọ ibi tí owó tí kò lọ sí orí epo mọ́ ń lọ, kí ẹ bi gómìnà yín àti alága ìjọba ìbílẹ̀ yín pẹ̀lú, nítorí pé wọ́n ń gbà nínú rẹ̀. Ẹ fi déètì sí i, ẹ fi ibi tí ẹ ti rí i sí i. Ọ̀rọ̀ tí kò bá ní déètì, ẹ má gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ìbò gbogboogbò ń bọ̀ ní ọdún 2027. Àwọn tó ń wá ìbò yín ti ń wo ohun tí ẹ máa ń gbàgbé, orí rẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé ìlérí wọn lé. Ẹ gba káàdì ìdìbò, ẹ dì í mú, kí ẹ sì mú ìwé tí ẹ kọ lọ bá gbogbo ẹni tó bá wá kí yín lẹ́nu ọ̀nà. Èyí tó bá bínú sí ìbéèrè yín ti dáhùn nìyẹn. Olórí tó mọ̀ pé ọ̀dọ́ ìlú ń ṣírò ló ń bẹ̀rù. Ẹ ṣírò, kí wọ́n bẹ̀rù yín.

Èmi ni bàbá yín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì,
Abẹ́òkúta.